Bí a ṣe ń ṣètò ẹ̀kọ́ ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti inú àwùjọ tó yí i ká

Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ tó fẹ́ kí ẹ̀kọ́ ìtàn wọn fi àwùjọ wọn hàn ló máa ń gba ẹ̀yìn wọ iṣẹ́ náà. Wọ́n á kọ́kọ́ to àkòrí jọ, wọ́n á fi orúkọ gbajúmọ̀ kan àti ilé àtijọ́ kan kún un, ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á tó wá ohun tí wọn yóò fi kọ́ ọmọ. Ibi tí irú ètò bẹ́ẹ̀ máa ń já sí ni pé olùkọ́ á ní ìpínrọ̀ méjì láti kà, àwọn ọmọ á dà á kọ, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ohun tí ìtọ́sọ́nà yìí ń sọ ni pé ẹ̀rí ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kí àkòrí sì tẹ̀lé e. Ohun tí mo pè ní ẹ̀rí ni ohunkóhun tí ọmọ lè fojú rí, tí ó lè fọwọ́ kàn, tí ó lè kà, tàbí tí ó lè gbọ́ lẹ́nu ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀, ní ibi tí ó lè dé. Àkòrí tí kò bá ní irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀, bó ti wù kó dùn mọ́ àgbàlagbà tó, kò tíì tó kọ́ gẹ́gẹ́ bí ìtàn àdúgbò fún ọmọ ọdún 8.

Ẹ fún iṣẹ́ ìpèsè náà ní ọdún ẹ̀kọ́ kan gbáko, kí ẹ sì fi í lé ìgbìmọ̀ kékeré lọ́wọ́: olùkọ́ kan láti àwọn kíláàsì ìsàlẹ̀, ọ̀kan láti àwọn kíláàsì òkè, ẹni tó ń bójú tó ètò ẹ̀kọ́ gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ náà, àti ó kéré tán ẹnì kan láti inú àwùjọ tí kì í ṣe olùkọ́ rárá.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ka ìlànà ìjọba, kí ẹ sì wá àyè tó wà nínú rẹ̀

Ẹ ka ìlànà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. Ẹ fa ìlà sábẹ́ ohun tó pọn dandan, kí ẹ sì sàmì sí gbogbo ibi tí wọ́n ti fi yíyàn sílẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́. Àyè yìí sábà máa ń fẹ̀ ju bí àwọn olùkọ́ ṣe rò lọ. Ìlànà tí England ń lò láti 2014 ní kí àwọn ọmọ ọdún 5 sí 7 kọ́ nípa àwọn ìṣẹ̀lẹ̀, ènìyàn àti ibi pàtàkì ní àdúgbò wọn, ó sì fi ẹ̀kọ́ ìtàn àdúgbò kan ṣe dandan fún àwọn ọmọ ọdún 7 sí 11, ṣùgbọ́n kò dárúkọ ìṣẹ̀lẹ̀ tàbí ibi tí ilé-ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ yàn. Ní Japan, ìlú tàbí abúlé tí ọmọ ń gbé ni ẹ̀kọ́ àwùjọ kíláàsì kẹta dá lé, ìpínlẹ̀ rẹ̀ ni ti kíláàsì kẹrin, ó di kíláàsì kẹfà kí ìtàn orílẹ̀-èdè tó gba àyè tirẹ̀. New Zealand sọ ẹ̀kọ́ ìtàn ilẹ̀ náà di dandan ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ láti 2023, ó sì ní kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan fi ìtàn agbègbè tirẹ̀ sí i.

Bí ìlànà tiyín bá le koko tí kò sì fi àyè kankan sílẹ̀, ẹ má ṣe bá a jà. Ẹ lo ẹ̀rí àdúgbò láti kọ́ àkòrí tí wọ́n ti yàn fún yín. Bí wọ́n bá ní kí ẹ kọ́ nípa ogun kan, ẹ kọ́ ọ láti orí orúkọ àwọn tó bá a lọ láti àdúgbò yín.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ àwọn tó ń jẹ́ àwùjọ náà

Ẹ gbé ìwé ìforúkọsílẹ̀ àwọn ọmọ síwájú, kí ẹ sì bi ara yín léèrè: èdè wo ni wọ́n ń sọ nílé? Iṣẹ́ wo ni àwọn òbí wọn ń ṣe? Ìdílé wo ló ti wà níbẹ̀ láti ìran mẹ́ta, èwo ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kí ló sì gbé wọn wá? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ṣe kókó, nítorí pé agbára káká ni a fi lè rí ibùdó ènìyàn kan tí kì í ṣe ìrìnàjò ló dá a sílẹ̀ tàbí tó sọ ọ́ di ńlá. Ìrìnàjò ìdílé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé jẹ́ ara ìtàn àdúgbò náà, gẹ́gẹ́ bí ti ìdílé tó ti wà níbẹ̀ láti ọgọ́rùn-ún ọdún.

Àpẹẹrẹ kan wà ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù tí mo fẹ́ràn nítorí pé ó fi hàn bí ohun kékeré ṣe lè yí àdúgbò padà. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi Empire Windrush gúnlẹ̀ sí èbúté Tilbury ní England ní oṣù Kẹfà 1948 pẹ̀lú àwọn èrò láti erékùṣù Caribbean, àwọn tí kò ní ibùgbé lára wọn, tí wọ́n lé ní 200, ni wọ́n fi wọ̀ sí ibi ààbò abẹ́ ilẹ̀ kan ní Clapham South tí wọ́n ti gbẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ọ́fíìsì ìjọba tó ń bá ènìyàn wáṣẹ́ tó sún mọ́ ibẹ̀ wà ní Coldharbour Lane ní Brixton. Ibẹ̀ ni wọ́n lọ wáṣẹ́, nítòsí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn sì ti wá ilé, èyí sì wà lára ohun tó sọ Brixton di ibùdó ńlá fún àwọn ará Caribbean. Ọmọ ọdún 9 lè fi ìka tọ́ka sí ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí máàpù, kó sì ṣàlàyé ohun tó so wọ́n pọ̀. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa wá.

Ẹ ṣọ́ra kí ó má lọ jẹ́ pé àwọn ìdílé tó lówó tàbí tó lórúkọ nìkan ni yóò máa sọ̀rọ̀ nínú ètò yín. Àwọn ló ní ilé tó ṣì dúró àti ìwé tó ṣì wà, nítorí náà wọn kì í pẹ́ gba gbogbo àyè. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹ̀yin yóò wá ẹ̀rí nípa àwọn obìnrin, àwọn òṣìṣẹ́, àwọn ọmọdé àti àwọn àtìpó.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ kó ẹ̀rí jọ

Ibí ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù, ibí náà sì ni kò yẹ kí ẹ ti kánjú. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ rin gbogbo ibi tí ọmọ lè rìn dé láti ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ láàárín ogún ìṣẹ́jú. Ẹ máa wo òkè ilé, nítorí pé ọdún tí wọ́n kọ́ ilé kan sábà máa ń wà ní gbígbẹ́ sí iwájú rẹ̀ lókè. Ẹ kọ orúkọ òpópónà, àkọlé ara ibojì, ojú irin tí a ti pa tì, afárá, kànga, odi, ilé tó ti jẹ́ ohun kan rí kó tó di ohun tó jẹ́ lónìí. Lẹ́yìn náà ẹ lọ sí ilé ìkówèésí àti ibi tí ìjọba ń tọ́jú ìwé àtijọ́ sí, kí ẹ béèrè fún máàpù, fọ́tò, ìwé ìròyìn àti àkọsílẹ̀ àwọn ilé-iṣẹ́. Ẹ má gbàgbé àpótí inú ọ́fíìsì ilé-ẹ̀kọ́ yín. Láti àwọn ọdún 1860 ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ní England ti ń ní ìwé tí olùkọ́ àgbà ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ sí: àìsàn tó mú kí wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́, ọmọ tí kò wá nítorí ìkórè, àbẹ̀wò àwọn aṣojú ìjọba. Kò sí ẹ̀rí tó tètè ń wọ ọmọ lára bí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀ gan-an.

Àkọsílẹ̀ ìkànìyàn níye lórí púpọ̀, nítorí ó ń dárúkọ àwọn tó gbé nínú ilé kan àti iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n ó ní òfin tirẹ̀. Ní Britain, ọdún 100 ni orúkọ àwọn ènìyàn inú rẹ̀ fi máa ń wà ní àṣírí; ní Amẹ́ríkà, ọdún 72 ni, ìdí nìyí tí ti 1950 fi jáde ní oṣù Kẹrin 2022. Àwọn mìíràn ti ṣòfò pátápátá: iná jó ti England àti Wales ọdún 1931 ní 1942, èyí tó pọ̀ jù nínú ti Amẹ́ríkà ọdún 1890 sì bàjẹ́ nítorí iná kan ní 1921. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ irú àlàfo bẹ́ẹ̀. Ó dára kí wọ́n tètè mọ̀ pé ìwọ̀nba ohun tó ṣẹ́kù ni ìtàn ń bá ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ ẹnu náà jẹ́ ẹ̀rí, kì í ṣe àfikún lásán. Jan Vansina, onímọ̀ ìtàn ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ tó fi hàn pé ìtàn àtẹnudẹ́nu ṣeé yẹ̀ wò pẹ̀lú ìlànà, bí a ṣe ń yẹ ìwé wò: ta ló sọ ọ́, ta ló sọ ọ́ fún un, kí ló sì wà níbẹ̀ fún ẹni tó ń sọ ọ́? Iṣẹ́ kan tó ga jù lọ tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tíì ṣe nípa irú ẹ̀rí yìí ṣẹlẹ̀ ní Ireland láàárín 1937 sí 1939. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ lórí ìtàn àti àṣà ìbílẹ̀ ní kí àwọn ọmọ kíláàsì òkè ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ béèrè lọ́wọ́ òbí, òbí àgbà àti aládùúgbò nípa ahoro ilé, iṣẹ́ ọwọ́, eré ọmọdé, ìwòsàn àti ìtàn ibi tí wọ́n ń gbé, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nǹkan bí ilé-ẹ̀kọ́ 5,000 ló kópa, ojú ewé tí wọ́n kọ sì tó 740,000. Àwọn ọmọ máa ń kọ orúkọ ẹni tó sọ ìtàn fún wọn, ìyẹn ló sì jẹ́ kí àwọn onímọ̀ ṣì lè lo iṣẹ́ náà títí di òní. Ẹ fi kọ́ àwọn ọmọ tiyín pé ìtàn tí kò ní orúkọ ẹni tó sọ ọ́ kò tíì pé.

Ẹ to gbogbo ohun tí ẹ bá rí sínú ìwé kan tó ní ọwọ̀n mẹ́rin: ohun tó jẹ́, ibi tó wà àti ẹni tí a ó gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tó lè sọ fún wa àti ohun tí kò lè sọ, àti ẹni tó ń sọ ohun tó yàtọ̀ sí i. Ọwọ̀n kẹrin yìí ni ẹ ó máa fẹ́ fò. Ẹ má ṣe fò ó.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ ṣa èyí tó yẹ

Ẹ̀rí yóò pọ̀ ju àyè lọ. Ẹ bi ohun kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè mẹ́ta: ṣé ẹ̀rí tó wà nípa rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, kí ọmọ lè fi ọ̀kan wé èkejì? Ṣé ọmọ ọjọ́ orí yìí lè lò ó fúnra rẹ̀? Ṣé ó ṣí ọ̀nà sí ohun tó tóbi ju àdúgbò náà lọ? Ìbéèrè kẹta ló ń gba ètò yín lọ́wọ́ ìgbéraga àdúgbò, nítorí pé ọmọ tó mọ ìtàn ilé rẹ̀ nìkan kò tíì mọ ìtàn. Ibojì ológun kan ṣoṣo ní itẹ́ òkú àdúgbò lè tó. Àjọ Commonwealth War Graves Commission, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1917, ń bójú tó ìrántí àwọn ológun mílíọ̀nù 1.7 ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 150, àkọsílẹ̀ wọn sì ṣí sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ kan lára òkúta á mú ọmọ dé inú ogun tó kan gbogbo ayé, á sì tún dá a padà sí ẹnu ọ̀nà ilé tí ẹni náà ti jáde lọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ sọ àkòrí di ìbéèrè

“Ìtàn ibùdókọ̀ ojú irin wa” kì í ṣe ìbéèrè, kò sì ní kí ọmọ ṣe nǹkan kan ju pé kó gbọ́ lọ. Ẹ fi èyí wé e: “Kí ló dé tí wọ́n fi kọ́ ibùdókọ̀ ojú irin sí ibi tó jìnnà sí àárín ìlú, kí ni èyí sì yí padà fún àwọn tó ń gbé lójú ọ̀nà?” Èyí ní ìdí, ó ní àbájáde, ó sì ní kí ọmọ wo máàpù. Ìbéèrè tó dára ni èyí tí a kò lè fi gbólóhùn kan dáhùn, tí ẹ̀rí tí ẹ kó jọ sì tó láti dáhùn. Ẹ fún sáà kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè ńlá kan péré.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ tò ó láti kíláàsì dé kíláàsì

Jerome Bruner, onímọ̀ nípa bí ọmọ ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́, dábàá ní 1960 pé kí ètò ẹ̀kọ́ máa padà sórí ohun pàtàkì kan náà lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́nà tó túbọ̀ jinlẹ̀ bí ọmọ ti ń dàgbà. Àbá yìí bá ìtàn àdúgbò mu dáadáa. Ní kíláàsì ìsàlẹ̀, ohun tí ẹnì kan láàyè ṣì lè rántí ni kí ẹ lò: ohun ìṣeré, iṣẹ́ ilé, bí ilé-ẹ̀kọ́ ti rí nígbà tí òbí àgbà wà lọ́mọdé. Ní àárín, ẹ mú àyípadà tó bá ibì kan láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní kíláàsì òkè, ẹ gbé ẹ̀rí tí kò bára mu síwájú wọn, kí ẹ sì so àdúgbò mọ́ orílẹ̀-èdè àti ayé. Ẹ fa ìlà ọdún kan sára ògiri tí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ yóò máa lò, kí ọmọ tó kúrò ní kíláàsì kejì bá iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ nígbà tó bá dé kíláàsì karùn-ún.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ ṣe ẹ̀kọ́ kan pé pérépéré kí ẹ tó ṣe èyí tó kù

Ẹ mú òpópónà tí ilé-ẹ̀kọ́ yín wà, kí ẹ wá máàpù mẹ́ta rẹ̀ tí nǹkan bí ogójì ọdún wà láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tẹ̀ wọ́n ní ìwọ̀n kan náà. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, àwọn ọmọ á fi bébà tó ṣeé rí òdìkejì rẹ̀ da èyí tó pẹ́ jù kọ, wọ́n á gbé e lé orí èkejì, wọ́n á sì fi àwọ̀ pupa kun ohun tó ti pòórá, wọ́n á fi àwọ̀ ewé kun ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Kí olùkọ́ má sọ ìdí kankan ní ọjọ́ yẹn. Kí ó kàn kọ gbogbo àbá wọn sójú pátákó, kí ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n á ka orúkọ àwọn tó gbé nínú ilé mẹ́rin lójú òpópónà náà àti iṣẹ́ wọn nínú àkọsílẹ̀ ìkànìyàn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n á jáde pẹ̀lú máàpù àtijọ́ lọ́wọ́, wọ́n á dúró sí ibi tí wọ́n kun ní pupa, wọ́n á sì wá àmì tó ṣẹ́kù: ògiri tí ọ̀nà ilẹ̀kùn rẹ̀ ti dí, ilẹ̀ tó ga ju àyíká rẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ kẹrin jẹ́ ti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ìkarùn-ún jẹ́ ti fífi ẹ̀rí wé ara wọn, ìkẹfà sì jẹ́ ti kíkọ ìdáhùn. Nígbà náà ni kí olùkọ́ padà sí àbá ọ̀sẹ̀ kìíní, kí àwọn ọmọ fúnra wọn sọ èyí tí ẹ̀rí gbè lẹ́yìn àti èyí tí kò gbè.

Nípa ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ẹ gba ìyọ̀ǹda ẹni náà sínú ìwé, ẹ sọ fún un ibi tí ẹ ó tọ́jú ohùn rẹ̀ sí, kí ẹ sì fún un láyè láti yọ ohun tí kò fẹ́ kúrò. Kí olùkọ́ kọ́kọ́ dá bá a sọ̀rọ̀, nítorí pé àwọn ìrántí kan wúwo ju ohun tí ó yẹ kí ọmọdé gbọ́ láìsí ìmúrasílẹ̀. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ láti béèrè “Kí lẹ rí?” àti “Báwo lẹ ṣe mọ̀?” dípò “Ṣé ó dùn mọ́ yín?” Ìbéèrè márùn-ún tó.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ múra sílẹ̀ fún ohun tó nira

Kò sí àwùjọ tí kò ní ohun tó ń dùn ún: òwò ẹrú, ogun, ilẹ̀ tí a gbà lọ́wọ́ onílẹ̀, àríyànjiyàn lórí ẹni tó kọ́kọ́ dé. Bí ẹ bá yọ gbogbo rẹ̀ kúrò, àwọn ọmọ yóò gbọ́ ọ níta láìsí ẹni tí yóò fi ẹ̀rí hàn wọ́n. Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ orí wọn pinnu bí ẹ ó ṣe sọ ọ́, kì í ṣe bóyá ẹ ó sọ ọ́.

Ère Edward Colston ní Bristol jẹ́ ohun tí kíláàsì òkè lè yẹ̀ wò. Oníṣòwò ni, ó kópa nínú òwò ẹrú, ó sì fi owó rẹ̀ ṣe ọrẹ púpọ̀ fún ìlú náà. Ó kú ní 1721, àmọ́ 1895 ni wọ́n gbé ère rẹ̀ dúró, àwọn olùfẹ̀hónúhàn sì wó o ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà 2020, wọ́n sì jù ú sínú omi. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣe ìṣirò náà: ọdún 174 ló wà láàárín ikú rẹ̀ àti ère náà. Nígbà náà ni wọn yóò rí i pé ère náà kò sọ púpọ̀ nípa 1721. Ohun tí àwọn alágbára ìlú ní 1895 fẹ́ kí a máa rántí ló sọ, bí wíwó rẹ̀ ti sọ nípa 2020. Ìbéèrè mẹ́ta wọ̀nyí, ta ló gbé e síbẹ̀, nígbà wo, nítorí kí ni, ṣeé lò fún ère, orúkọ òpópónà àti òkúta ìrántí èyíkéyìí.

Ẹ sọ fún àwọn òbí ṣáájú, kí ẹ sì fi ẹ̀rí tí ẹ ó lò hàn wọ́n. Níbi tí ìdílé méjì bá ti ń sọ ìtàn méjì nípa ohun kan náà, iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ kì í ṣe láti dá ẹjọ́. Kí olùkọ́ gbé ìtàn méjèèjì kalẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àwọn tó sọ wọ́n, kí ó sì bi àwọn ọmọ léèrè ohun tí wọn yóò nílò láti mọ èyí tó sún mọ́ òtítọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ẹ dán an wò, kí ẹ sì máa tọ́jú rẹ̀

Ẹ má fi ìdánwò ọdún àti orúkọ nìkan díwọ̀n ọmọ. Ẹ fún un ní ẹ̀rí kan tí kò rí rí láti àdúgbò kan náà, kí ẹ ní kó sọ ohun tó rí, ohun tó rò pé ó túmọ̀ sí, àti ohun tí kò lè mọ̀ láti ara rẹ̀. Àwọn ọjọ́ àti orúkọ ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n inú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n ti hàn.

Ẹ tọ́jú gbogbo ẹ̀rí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan sínú àpótí kan pẹ̀lú ẹ̀dà lórí kọ̀ǹpútà, àti ojú ewé kan tó sọ ibi tí ohun kọ̀ọ̀kan ti wá, nítorí pé olùkọ́ tó ṣètò rẹ̀ lè lọ nígbàkigbà. Ní òpin ọdún, kí ìgbìmọ̀ náà jókòó pẹ̀lú ìwé oníọwọ̀n mẹ́rin yẹn: kí wọ́n kọ àwọn tó ti kú lára àwọn ẹlẹ́rìí, ilé tí wọ́n ti wó, àti ìdílé tuntun tó wọlé, kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀kọ́ kan tí ẹ̀rí rẹ̀ ti rẹ̀yìn, kí wọ́n sì kọ́kọ́ lọ gba ohùn ẹni tó dàgbà jù lára àwọn tí wọn kò tíì bá sọ̀rọ̀.